Ìbò Tí A Kà àti Oúnjẹ Tí A Pín

Ẹ̀kọ́ Bíbélì: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6:1–7. Ẹ tún ka Jeremáyà 29:4–7.

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò jẹ mọ́ ìbò ìjọba ìbílẹ̀ àti èsì rẹ̀. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé irú ọ̀rọ̀ báyìí wọ inú ìwé ìsìn. Òótọ́ ni pé ilé Ọlọ́run kì í ṣe ibi tí a ti ń polongo ẹgbẹ́ òṣèlú, a kò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí Bíbélì yín sí orí kẹfà ìwé Ìṣe, ẹ ó rí i pé Ìjọ kò tíì dàgbà púpọ̀ tí ó fi di dandan fún un láti yan àwọn ènìyàn sí ipò. Kí ni ó fa yíyàn náà? Kì í ṣe oyè, kì í ṣe ọlá. Oúnjẹ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn náà dáradára. Àwọn onígbàgbọ́ ní Jerúsálẹ́mù ń pọ̀ sí i. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà gan-an, wọ́n sì ń sọ èdè Hébérù. Àwọn mìíràn jẹ́ Júù tí a bí tàbí tí a tọ́ ní ìdálẹ̀, tí èdè Gíríìkì sì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Ìjọ ń pín oúnjẹ fún àwọn opó lójoojúmọ́. Nígbà tí ó yá, àwọn tí ń sọ èdè Gíríìkì bẹ̀rẹ̀ sí kùn pé a ń gbójú fo àwọn opó tiwọn. Ẹ̀yin ará, ta ni nínú wa tí ó ń gbé ní ìdálẹ̀ tí kò mọ irú kíkùn bẹ́ẹ̀? Àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Warri, tí a ti wá láti oríṣiríṣi ìlú, a mọ ohun tí ó jẹ́ kí ènìyàn dúró lórí ìlà kí ó sì máa wò bóyá ìpín yóò dé ọ̀dọ̀ òun.

Àwọn àpọ́sítélì kò bínú sí àwọn tí ń kùn. Wọn kò sọ fún wọn pé kí wọ́n padà sí ìlú tí wọ́n ti wá. Wọn kò sì sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni kí wọ́n máa rò, kí wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ ikùn. Àwọn àgbà wa wí pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ńṣe ni wọ́n pe gbogbo ìjọ jọ, tí wọ́n sì ní kí ìjọ fúnra rẹ̀ yan ọkùnrin méje. Ohun mẹ́ta ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn tí a óò yàn: kí wọ́n ní orúkọ rere, kí wọ́n kún fún Ẹ̀mí Mímọ́, kí wọ́n sì ní ọgbọ́n. Ìjọ yan Stefanu, Filipi, Prokoru, Nikanori, Timoni, Parmena àti Nikolau ará Antioku.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí níhìn-ín.

Èkíní ni pé orúkọ Gíríìkì ni orúkọ àwọn méjèèje. Àwọn tí ó pọ̀ jù ní Jerúsálẹ́mù kò lo pípọ̀ wọn láti fi ti àwọn tí ó kéré sẹ́yìn. Àwọn tí ó jọ àwọn tí ń kùn ni wọ́n gbé ṣíbí lé lọ́wọ́. Irú ìbò báyìí ṣọ̀wọ́n láyé, títí di òní.

Èkejì ni pé Lúùkù tí ó kọ ìtàn náà kò sọ iye ìbò tí ẹnikẹ́ni ní. A kò mọ ẹni tí ó ṣe ìkíní, a kò sì mọ ẹni tí ó fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n ó sọ èsì fún wa. Ó ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tàn kálẹ̀, iye àwọn ọmọ ẹ̀yìn pọ̀ sí i gidigidi, púpọ̀ nínú àwọn àlùfáà pàápàá sì gba ìgbàgbọ́. Èsì ìbò nìyẹn lójú Ọlọ́run. Nọ́ńbà tí a kà sórí pátákó kọ́ ni èsì. Oúnjẹ tí ó dé iwájú opó ni èsì.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ìlú tí a ń gbé. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2024, a dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Delta. Ìjọba ìbílẹ̀ 25 ni ó wà ní ìpínlẹ̀ yìí, tí a dá sílẹ̀ ní 1991. Nígbà tí àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ kéde èsì, ẹgbẹ́ PDP ni ó gba ipò alága ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 25 náà. Kò ku ẹyọ kan fún ẹgbẹ́ mìíràn. Inú àwọn kan dùn, àwọn mìíràn sì mi orí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, kí ọdún kan tó pé, gómìnà ìpínlẹ̀ wa, Sheriff Oborevwori, àti àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà kúrò ní PDP, wọ́n sì bọ́ sínú APC. Àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ wà lára àwọn tí ó bá wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí ó gba gbogbo rẹ̀ lórí ìwé ìbò kò di gbogbo rẹ̀ mú mọ́ láàárín oṣù mẹ́wàá.

Èmi kò sọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Olúkúlùkù ni yóò jíhìn ara rẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa má baà fi orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe òrìṣà, kí ó sì torí rẹ̀ ya arákùnrin rẹ̀ nípá. Ẹ̀yin tí ẹ bá aládùúgbò yín jà ní 2024 nítorí agboorùn tàbí nítorí ìgbálẹ̀, níbo ni ìjà yẹn wà nísinsìnyí? Àwọn tí ẹ torí wọn jà ti jókòó sórí tábìlì kan náà. Gọ́tà kò mọ orúkọ ẹgbẹ́. Bí òjò oṣù Keje bá dé, tí pàǹtí sì ti dí ojú omi, ilé ẹni tí ó dìbò fún olúborí àti ilé ẹni tí ó dìbò fún ẹni tí ó fìdí rẹmi ni omi yóò jọ wọ̀.

Kí ni iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ gan-an? Púpọ̀ nínú wa kò bìkítà láti mọ̀. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka àwọn iṣẹ́ náà. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ni àbójútó ọjà àti gáréèjì, ibi tí a ń pa ẹran àti ibi tí a ń sin òkú. Òun ni ó ni kíkó pàǹtí, àti títún ojú ọ̀nà àdúgbò àti gọ́tà ṣe. Òun ni ó ń kọ orúkọ ọmọ tí a bí, ti ẹni tí ó kú àti ti àwọn tí ó gbéyàwó sínú ìwé. Ó ní ipa pẹ̀lú nínú ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti nínú ètò ìlera. Ẹ ò rí i pé láti ọjọ́ ìbí dé ọjọ́ ìsìnkú, iṣẹ́ yìí kan wa? Ìyá tí ń ta ọjà ní Igbudu, awakọ̀ tí ń gbé èrò láti Effurun, ọmọ tí ó jókòó sórí ilẹ̀ nínú kíláàsì, tábìlì ìjọba ìbílẹ̀ ni gbogbo wọn ń retí oúnjẹ láti orí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ọjọ́ méjì péré ṣáájú ìbò tí a wí yìí, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Abuja dájọ́ pé kí owó tí ó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà, pé gómìnà ìpínlẹ̀ kò ní àṣẹ láti dá a dúró kí ó sì máa ná an. Ìdájọ́ náà kan gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí ó wà ní Nàìjíríà. Ìdájọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kì í rìn fúnra rẹ̀. Bí owó bá dé tí kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí a fi ṣe, opó kò ní mọ̀ pé owó dé.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá láti òkèèrè. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mísọ́nnì yóò rántí orúkọ Mary Slessor, obìnrin tí ó dé Calabar ní 1876, tí ó gba ọ̀pọ̀ ìbejì lọ́wọ́ ikú, tí ó sì kú ní 1915. Kí ó tó wá, òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ ni ní ìlú Dundee ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì. Ìlú Dundee náà ní ìgbìmọ̀ ìlú tí a ń dìbò yàn. Àga 29 ni ó wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 wọ́n dìbò, èsì rẹ̀ sì rí báyìí: ẹgbẹ́ SNP tí ń fẹ́ kí Skọ́tíláǹdì dá dúró gba 15, Labour gba 9, Liberal Democrats gba 4, Conservative gba ẹyọ 1. Ẹgbẹ́ tí ó borí fi ẹyọ kan ṣoṣo pọ̀ ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Bí wọ́n ti ń dìbò níbẹ̀ tún yàtọ̀ sí tiwa. Ẹni tí ó ń dìbò yóò kọ 1 síwájú orúkọ ẹni tí ó fẹ́ jù, 2 síwájú ẹni tí ó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́ọ̀dù kan a máa ní káńsẹ́lọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n sì lè ti inú ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọn kò pọ̀ pàápàá ń rí ẹnìkan tí yóò gbẹnu sọ fún wọn.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń wí pé àwọn ará ibẹ̀ mọ́ jù wá lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ ní Dundee bí ó ti ń bẹ ní Warri. Ohun tí mo ń wí ni èyí: ní ibi tí 15 bá ti jókòó tí 14 sì ń wò wọ́n, bí ẹni tí ó ń pín oúnjẹ bá fo opó kan, ẹnìkan yóò là á mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ibi tí ó jẹ́ 25 nínú 25, ta ni yóò sọ̀rọ̀? Ará mi, ìwọ ni. Níbi tí kò bá sí alátakò nínú ìgbìmọ̀, ẹrù yẹn di ti ará ìlú. Kíkùn tí àwọn opó Jerúsálẹ́mù kùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òun ni ó mú kí àwọn àpọ́sítélì mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a óò ti sọ ọ́ ṣe pàtàkì, pàápàá ní ìlú yìí. Warri ti rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ bá di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Ní 1952, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí ó wà ní Ìbàdàn gbà pé kí a yí orúkọ oyè Olú Itsekiri padà sí Olú Warri, ìlú dàrú. Ní oṣù Kẹta ọdún 1997, lábẹ́ ìjọba ológun, a gbé oríkò ìjọba ìbílẹ̀ Warri South West láti Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Ijaw àti àwọn Itsekiri, ó sì tún ru sókè ní ọdún 2003, lákòókò ìbò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, a jó ilé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá kúrò ní ibi tí wọ́n ń gbé. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará. Ọ́fíìsì tí ó yẹ kí ìyá ti lọ gba ìwé ìbí ọmọ rẹ̀ ni ó di ohun tí à ń torí rẹ̀ pa ọmọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán nílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí INEC tún ààlà àwọn wọ́ọ̀dù pín ní Warri South, Warri North àti Warri South West. Nígbà tí INEC gbé àbá rẹ̀ jáde ní 2025, àwọn kan gbà á, àwọn mìíràn kọ̀ ọ́, a sì rí ìwọ́de. Àwa kọ́ ni yóò dá ẹjọ́ náà. Àlejò kì í dá sí ẹjọ́ ilẹ̀ láàárín àwọn tí ó gbà á sílé. Ṣùgbọ́n a lè gbàdúrà, a sì lè kọ̀ láti fi ẹnu wa dá epo sínú iná. Bí aládùúgbò rẹ Urhobo bá sọ tirẹ̀, tí ti Itsekiri sọ tirẹ̀, tí ti Ijaw náà sọ tirẹ̀, fi etí gbọ́, má ṣe gbé ti ọ̀kan lọ sọ fún èkejì.

Nígbà tí Jeremáyà kọ̀wé sí àwọn tí a kó lọ sí Bábílónì, ohun tí ó sọ fún wọn yà wọ́n lẹ́nu. Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà, nítorí inú àlàáfíà rẹ̀ ni tiwọn wà. Kò ní kí wọ́n jókòó sórí ẹrù wọn kí wọ́n máa retí ọjọ́ tí wọn óò lọ sílé. Àwọn kan nínú wa ti lo 30 ọdún ní Warri, síbẹ̀ wọn kò mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wọn. Ìbò ìlú wọn ní Ọ̀ṣun tàbí Kwara ni wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò, ti ibi tí wọ́n ń sùn kò kàn wọ́n. Òfin kò ní kí o jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ kí o tó dìbò. Ibi tí o ti forúkọ sílẹ̀ ni o ti ń dìbò. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Mo mọ ohun tí ó ń dun ọ̀pọ̀ òbí. Ọmọ tí a bí ní Warri, tí kò mọ ìlú mìíràn, yóò fẹ́ wọ yunifásítì tàbí kí ó gba iṣẹ́, a ó sì béèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń fúnni ní ìwé náà, ìlú baba rẹ̀ ni a óò sì ní kí ó lọ gbà á. Ó dun ni. Ṣùgbọ́n kí a tó sunkún ju bí ó ti yẹ, ẹ jẹ́ kí a béèrè lọ́wọ́ ara wa: àwọn Urhobo tí wọ́n ti wà ní agbègbè Okitipupa láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n ń gun ọ̀pẹ tí wọ́n sì ń fún epo, ǹjẹ́ àwa tí a ni ilẹ̀ Yorùbá ka àwọn ọmọ wọn sí ọmọ ìlú? Òṣùwọ̀n tí a bá fi wọ̀n fún ọmọ ẹlòmíràn ni a óò fi wọ̀n fún tiwa. Ẹni tí yóò bá bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ní Warri, kí ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ ará Warri ní ilé.

Àwọn àgbà sì wí pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí a wo tábìlì tiwa nínú ìjọ yìí. Èdè Yorùbá ni a fi ń ṣe ìsìn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a ní àwọn ìyàwó láàárín wa tí wọ́n jẹ́ Urhobo, Isoko, Igbo àti Itsekiri. Wọ́n fẹ́ ọmọ wa, wọ́n sì tẹ̀ lé e wá sí ìjọ wa. Nínú ìjọ yìí, àwọn ni wọ́n ń sọ èdè Gíríìkì. Nígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn tí yóò gba ìrànlọ́wọ́, ǹjẹ́ a máa ń rántí wọn? Bí ọkọ ọ̀kan nínú wọn bá kú, ṣé opó ìjọ ni a óò kà á sí, tàbí àjèjì tí kí ó padà sílé bàbá rẹ̀? Nígbà tí a bá ń yan àwọn olóyè ẹgbẹ́ obìnrin, ṣé a máa ń dárúkọ wọn, tàbí ṣé tábìlì ni a máa ń ní kí wọ́n nù? Ìjọ tí ó ń kùn pé a gbójú fo òun ní ìlú, kò gbọdọ̀ gbójú fo ẹlòmíràn nínú ilé.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùfẹ́, ohun mẹ́rin ni mo fi bẹ̀ yín.

Èkíní, kí olúkúlùkù tí ó ti pé ọdún 18 rí i pé orúkọ òun wà nínú ìwé olùdìbò ní ibi tí ó ń gbé, kí ó sì dìbò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀, láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èkejì, kí ẹ mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ yín. Bí gọ́tà bá dí tàbí tí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ bá ṣí, kí ẹ bá àwọn aládùúgbò yín, ẹ̀yà yòówù kí wọ́n jẹ́, fi orí korí, kí ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ sì lọ fi ọ̀wọ̀ béèrè. Ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó dọ́gba lágbára ju ariwo ẹnìkan lọ.

Ẹ̀kẹta, kí a máa gbàdúrà fún àwọn tí a dìbò yàn, ì báà jẹ́ wọn ni a dìbò fún tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí Ọlọ́run fún wọn ní ohun mẹ́ta tí àwọn àpọ́sítélì béèrè: orúkọ rere, Ẹ̀mí Mímọ́ àti ọgbọ́n.

Ẹ̀kẹrin, kí a tún tábìlì tiwa ṣe nínú ìjọ, kí ó má baà sí opó kan, ọmọ Yorùbá tàbí ọmọ ẹ̀yà mìíràn, tí yóò jókòó títí tí ìpín kò fi ní kàn án.

Ọjọ́ ń bọ̀ tí Ọba ògo yóò jókòó lórí ìtẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti kà á nínú Mátíù orí 25. Kò ní béèrè ẹgbẹ́ tí a wà, kò sì ní béèrè iye ìbò tí a ní. Ẹni tí ebi ń pa, ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, àti àlejò ni yóò bi wá léèrè. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a rí ìdáhùn fọ̀ ní ọjọ́ náà.

Olúwa, bùkún fún ìlú Warri àti gbogbo ẹ̀yà tí ń gbé inú rẹ̀. Pa ìjà run láàárín wa. Fún àwọn tí ń ṣe ìjọba ní ọkàn tí ń rántí opó, fún àwa àlejò ní ọkàn tí ń wá àlàáfíà ìlú, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.

Akọ̀wé Ìjọ